Ihò Kọkànlá

Nọ́ńbà ló mú mi pàdé ọkùnrin tí mo fẹ́ fi ṣe ọkọ, nọ́ńbà náà ló sì gbà á lọ́wọ́ mi. Bí mo bá ní kí n sọ ọ́ lọ́nà mìíràn kó lè dùn ún gbọ́, irọ́ ni màá pa, irọ́ sì ti tó nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Iṣẹ́ mi ni kí n jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, kí n máa bi ilẹ̀ léèrè ohun tó máa ṣe lọ́jọ́ tó bá mì. Ètò kan wà lórí kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe é. Èèyàn á ya àwòrán òkè amọ̀ tí wọ́n fi dí odò, ìyẹn dáàmù, sínú rẹ̀, á sọ irú ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní ìpele dé ìpele, á wá ní kí ètò náà mi gbogbo rẹ̀ jìgìjìgì. Ètò náà á fi han èèyàn, lójú ara rẹ̀, bóyá òkè yẹn á dúró tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ á yọ̀. Kì í fẹ́ni, kì í kórìíra ẹni. Ohun tí o bá gbìn síbẹ̀ lo máa ká níbẹ̀.

Nọ́ńbà là ń gbìn síbẹ̀. Àwọn agbẹ́lẹ̀ á ki irin bọ inú ihò, wọ́n á máa fi òòlù ńlá kan lù ú lórí, wọ́n á sì máa ka iye ìgbà tí wọ́n lù ú kó tó wọlẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan. Bó bá gba ọgbọ̀n ìgbà, ilẹ̀ náà le. Bó bá gba mẹ́rin tàbí márùn-ún, iyanrìn tí kò dì mọ́ra ni, bí omi bá sì wà nínú rẹ̀, lọ́jọ́ tí ilẹ̀ bá mì, iyanrìn yẹn á gbàgbé pé ilẹ̀ lòun, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn.

Ọkùnrin tó ń ka òòlù nídìí dáàmù tiwa, Agbẹ́lẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń pè é, láti orí ọ̀gá dé orí obìnrin tó ń tún ọ́fíìsì ṣe. N kò rí i rí. Ìwé tó ń kọ ránṣẹ́ nìkan ni mo mọ̀, ìwé tó mọ́ tónítóní, àfi pé oókan rẹ̀ àti eéje rẹ̀ jọra bí ọmọ ìyá. Lọ́jọ́ Ajé kan mo pè é.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ihò kẹta, ìlà kẹfà. Ṣé mọ́kànlá ni àbí mẹ́tàdínlógún?"

"Ẹ káàárọ̀ mà. Mẹ́tàdínlógún ni. Ṣé bí wọ́n ṣe ń kíni nílé yín nìyẹn, ihò kẹta, ìlà kẹfà?"

N kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú. Ṣé àlàáfíà lẹ wà?"

"Ohun tí mo ti ń retí nìyẹn láti ìlà kìíní."

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi ń pè é lórí nọ́ńbà tí mo rí kà dáadáa. Òun náà mọ̀. Á ní, "Ẹnjiníà, mẹ́rìnlélógún gàdàgbà ni mo kọ síbẹ̀ yẹn." Màá ní ojú ló ń dùn mí. Á ní kí n lọ ra awò, kí n má baà fẹ́ ọkùnrin tí kò dáa láìmọ̀. Bí mo bá ti gbé fóònù sílẹ̀, màá jókòó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìtẹ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kan ó ní, "Lọ́jọ́bọ̀, mo fẹ́ parí ihò kọkànlá. Ìwé tirẹ̀, èmi fúnra mi ni màá mú un wá. Aago mẹ́ta. Ṣé mo máa bá yín níbẹ̀?"

"Níbo ni mo fẹ́ lọ? Ọ́fíìsì ni wọ́n bí mi sí."

Láti aago méjìlá ọjọ́ náà ni òjò ti bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé kò ní wá mọ́, pé kò sí ẹni tó máa tìtorí ohùn orí fóònù rin inú irú òjò yìí, síbẹ̀ mo lọ wo ara mi nínú dígí lẹ́ẹ̀mẹta. Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ó wọlé. Ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Omi ń kán lára rẹ̀ sórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, obìnrin tó nù ún sì ń wò ó tìkà-tìkà. Ó fi ọ̀rá wé ìwé náà mọ́ àyà, ìwé yẹn nìkan ni kò tutù lára rẹ̀.

"Ẹnjiníà?"

"Agbẹ́lẹ̀?"

"Mo rò pé ẹ sanra ju báyìí lọ ni. Ohùn yín sanra."

Ìdí àtẹ̀gùn la dúró sí títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Kí ọjọ́ náà tó parí ni a ti fi "ẹ" sílẹ̀, tí a bọ́ sí "o". N kò wo ìwé tó mú wá. Lọ́jọ́ kejì ni mo tẹ àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ sínú ètò mi, tẹ̀rín-tẹ̀rín, bí ẹni ń ka lẹ́tà.

Ọdún kan kọjá kí n tó lè sọ fún àwọn òbí mi.

"Agbẹ́lẹ̀?" ìyá mi ní. "Sàréè ni àbí kànga?"

"Màámi, dáàmù ni."

"Dáàmù àbí dààmú? O ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá mi. Kì í pariwo. Ó ṣí ìwé ìròyìn rẹ̀ sí ojú ewé kejì, ó ní, "Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi rán ọ níléèwé. Ẹni tó ń gbẹ́ ihò lo rí mú wálé. Mi ò gbà." Ó wá ń ṣí ìwé ìròyìn náà síwá sẹ́yìn, kò kà á. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, mo sunkún, mo bínú, mo tún bẹ̀ ẹ́. Oṣù mẹ́rin gbáko ni ọ̀rọ̀ yẹn fi dúró lójú kan nínú ilé.

Àǹtí mi, àbúrò bàbá mi obìnrin, ló gba iṣẹ́ alárinà. Aránṣọ ni, ojú rẹ̀ kì í sì í fo ibi tí abẹ́rẹ́ bá ti yẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó wọ mọ́tò lọ bá Agbẹ́lẹ̀ níbi iṣẹ́, ó dojú korobá dé, ó jókòó lé e láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Nígbà tó dé, ó lọ bá bàbá mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti rí i. Wọ́n ń lu irin, ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án yẹ̀, òòlù ò bà á dáadáa. Àwọn òṣìṣẹ́ ní kó ṣáà kà á mọ́ ọn. Ó ní òun ò kà á. Wọ́n fa irin jáde, wọ́n tún un lù látìbẹ̀rẹ̀, nínú oòrùn yẹn. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, bó bá sọ fún ọmọ yín pé òun ń bọ̀, ó ń bọ̀ náà ni. Mo dúró fún un. Bó bá yẹ̀, ẹ mú èmi."

Bàbá mi ní kí Agbẹ́lẹ̀ wá. Nígbà tó dé, bàbá mi ò kí i tán tó fi bi í pé, "Àtẹ̀gùn mélòó lo gùn kí o tó débí?"

"Mẹ́tàdínlógún ni sà. Àmọ́ ìkejìlá ti sán, mi ò tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, mẹ́rìndínlógún."

Ọdún mẹ́rin ni bàbá mi ti ń bá onílé jà lórí àtẹ̀gùn kejìlá yẹn, onílé ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Bàbá mi yíjú sí ìyá mi. "Ìwọ náà gbọ́." Ó wá sọ fún Agbẹ́lẹ̀ pé, "Jókòó. Ẹni tó mọ àtẹ̀gùn kà, kò ní ṣi ọmọ mi kà." Wọ́n mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Inú mi dùn débi pé ẹ̀rù bà mí.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọ́n ti fẹ́ dá omi sínú dáàmù, ọ̀gá wa sì ní kí n to àwòrán ihò méjèèjìlélógún sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn fún àwọn tó ń bọ̀ wá yẹ iṣẹ́ wa wò. Mo tẹ̀ wọ́n jáde, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri. Mo fà sẹ́yìn kí n lè rí gbogbo rẹ̀.

Láti ẹsẹ̀ bàtà kẹẹ̀ẹ́dógún lọ sísàlẹ̀, ihò kẹwàá àti ìkọkànlá bára mu. Mọ́kàndínlógún, mẹ́rìnlélógún, mẹ́tàlélógún, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ilẹ̀ kì í bí ìbejì. Bí o bá gbẹ́ ihò méjì tí kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta síra wọn, nọ́ńbà wọn ò ní dọ́gba, áńbọ̀sì èyí tó jìnnà síra tó ọgọ́rin ìṣísẹ̀. Mo wo ọjọ́ tó wà lórí ìwé náà. Ọjọ́bọ̀ ni. Ọjọ́ òjò yẹn ni.

Mo bá a nínú yàrá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Ó ti kun ògiri mẹ́ta, ó dúró lórí àpótí, ó ń kun ìkẹrin.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ ní ihò kọkànlá?"

Kò bi mí pé ihò kọkànlá wo. Ó rọra gbé búrọ́ọ̀ṣì lé orí agolo ọ̀dà. "Òjò dé bá mi ní ẹsẹ̀ bàtà kẹẹ̀ẹ́dógún. Irin há. Bí mo bá dúró fà á, aago mẹ́fà á lù. Mo ti sọ fún ẹ pé aago mẹ́ta."

"O lè pè mí."

"Mo lè pè ẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó bí ojú ẹ ṣe máa rí. Mo ní ilẹ̀ kan náà ni, kí ló máa wà níbí tí kò sí lọ́hùn-ún? Mo ní màá padà síbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Kí n tó dé lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n ti gbé ẹ̀rọ lọ sí ìkejìlá."

Kí n sọ òtítọ́ ara mi. Kí ẹ̀rù tó bà mí, inú mi kọ́kọ́ dùn. Inú mi dùn pé ẹnì kan lágbàáyé purọ́ kó lè tètè rí mi. Lẹ́yìn náà ni ara mi tutù.

Lọ́jọ́ Sátidé ó yá ẹ̀rọ kékeré kan, àwa méjèèjì lọ tún ihò kọkànlá gbẹ́. Ó ń lu irin, ó ń kà á sókè, èmi ń kọ ọ́. Ní ogún ẹsẹ̀ bàtà: "Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin." Irin ti wọlẹ̀. Ní márùndínlọ́gbọ̀n, ẹ̀ẹ̀mẹta péré. Nígbà tí a dé ọgbọ̀n, ó gbé òòlù lé irin lórí, kó tó gbé e sókè láti lù ú ni irin náà ti ń rì fúnra rẹ̀, jẹ́jẹ́, títí ó fi wọlẹ̀. Ó dúró, ó ń wò ó. Kò sí ohun tó máa kà.

Lọ́jọ́ Ajé mo tẹ nọ́ńbà tuntun yẹn sínú ètò mi, mo ní kó mi ilẹ̀. Fún bí ìgbà téèyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀marùn-ún, òkè náà dúró. Lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, orí rẹ̀ wálẹ̀, omi sì gorí rẹ̀ kọjá. Nísàlẹ̀ dáàmù yẹn, ẹgbẹ̀rún ilé ló wà níbẹ̀. Ilé-ìwé wà níbẹ̀. Mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá, mo sì máa ń rí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn.

Nígbà tí mo sọ fún un, lórí bẹ́ǹṣì tó wà níwájú ọ́fíìsì wa, kò jiyàn. Ó ti rò ó dé ibi kan ṣáájú mi.

"Ọ̀nà kan wà," ó ní. "Sọ pé ìwọ lo ṣi í tẹ̀. Pé o tẹ ihò kẹwàá lẹ́ẹ̀mejì. Màá kọ ìwé tuntun, màá kọ ọjọ́ yẹn sí i, èyí tó wà lọ́wọ́ wọn á di àwátì. Wọ́n á bá ẹ wí, ó tán. Wọ́n á tún ẹsẹ̀ dáàmù ṣe, ẹnì kankan ò ní kú. A máa ṣe ìgbéyàwó wa. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbọ́ pé èmi ni, mi ò ní ka òòlù mọ́ láyé mi. Iṣẹ́ wo ni mo tún mọ̀?"

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yẹn káàkiri. Kò sí ibi tí mo wò ó dé tí kò dára. Irọ́ kékeré kan, èmi ni màá pa á, èmi ni wọ́n máa bá wí, gbogbo ilé tó wà nísàlẹ̀ á sì sùn ní àlàáfíà. Mo ti tẹ lẹ́tà náà tán fún ọ̀gá, "ọwọ́ mi ló ṣìṣe," kí n tó rí ibi tí ó ti jò. Mo padà lọ bá a.

"Bí mo bá ní ọwọ́ mi ló ṣìṣe," mo ní, "ihò kan ni wọ́n máa tún wò. Bí mo bá ní o kọ ohun tí o kò kà, méjèèjìlélógún ni wọ́n máa tún gbẹ́."

"Òótọ́ ni àwọn yòókù."

"Mo mọ̀."

"Ṣé o gbà mí gbọ́?"

"Mo gbà ẹ́ gbọ́."

"Kí ló wá kù?"

"Ihò kọkànlá náà ńkọ́? Mo gbà ẹ́ gbọ́ níbẹ̀ náà."

Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ pátápátá. "Nítorí ẹ ni mo ṣe purọ́ yẹn. Ìwọ lo wá fẹ́ dalẹ̀ mi."

Àwa méjèèjì tí iṣẹ́ wa jẹ́ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn dún létí wa ju bó ṣe ń dún létí ẹlòmíì lọ. Òun tó purọ́ mọ́ ilẹ̀, èmi ló ń pè ní ọ̀dàlẹ̀, mi ò sì lè sọ pé ó ṣì mí pè. Wọ́n ní ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. Wọn ò sọ ẹni tó máa lọ bó bá jẹ́ pé méjì ni wọ́n.

Mo sọ fún ọ̀gá. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n dá omi dúró, wọ́n lé Agbẹ́lẹ̀, wọ́n sì kọ̀wé káàkiri pé kí ẹnikẹ́ni má gbà á síṣẹ́ ihò mọ́. Wọ́n gbé ẹni mìíràn wá láti tún ihò mọ́kànlélógún yòókù gbẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó yẹ kó jẹ́ ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó mi ni ìwé wọn dé orí tábìlì mi. Mo tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ti Agbẹ́lẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan. Wọn ò yàtọ̀ ju bí ilẹ̀ ṣe máa ń yàtọ̀ lọ, ẹyọ kan níbí, ẹyọ méjì lọ́hùn-ún. Òótọ́ ni gbogbo wọn. Mo gbé orí lé ìwé náà, mo sunkún títí ojú ewé fi wú.

Nílé, bàbá mi ní kí wọ́n má dárúkọ Agbẹ́lẹ̀ sí òun létí mọ́. Ìyá mi ló yà mí lẹ́nu. Òun tó fi sàréè àti kànga ṣe yẹ̀yẹ́, òun ló dì mí mú nídìí ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé dídákẹ́ ò ṣeé ṣe ni?"

Mo bẹ àǹtí mi pé kó bá mi lọ rí Agbẹ́lẹ̀. "Ẹ sọ fún un pé mo ṣì fẹ́ ẹ. Bó níṣẹ́ lọ́wọ́, bí kò níṣẹ́. Mi ò ní wo ojú ẹnikẹ́ni."

"Èmi tí mo dúró fún un níwájú ẹ̀gbọ́n mi?" ó ní. Síbẹ̀ ó wé gèlè, ó lọ. Nígbà tó dé, kò tú gèlè náà, ó jókòó tì mí.

"Ó ní kí n bi ẹ́, ihò mọ́kànlélógún tí wọ́n tún gbẹ́, kí ni wọ́n rí?"

"Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀, Àǹtí."

"Ó ní òun mọ̀ pé ohun tí o máa sọ nìyẹn. Ó ní ẹni tó bá máa fẹ́ òun, ó yẹ kó ti mọ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ."

Mo mọ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Mo ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ náà.

Ọdún méje ti lọ. Wọ́n kó òkúta ti ẹsẹ̀ dáàmù yẹn, ó kún, ó dúró. Ilẹ̀ ò tíì mì, kódà lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀, "Ẹnjiníà, ilẹ̀ yín ńkọ́, ṣé kò ní mì mọ́ ni?" Màá bá wọn rẹ́rìn-ín. Àǹtí mi ló gbọ́ pé Agbẹ́lẹ̀ wà níbi tó jìnnà, ó ń gbẹ́ kànga fáwọn èèyàn, ó ti níyàwó, ó ti bí ọmọbìnrin kan. Mo ní Ọlọ́run á wò ó. Mo lọ sí ilé ìwẹ̀, mo ṣí omi kó máa dún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo rí i tí omi inú ife tó wà lórí tábìlì mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Dígí fèrèsé ń dún. Ilẹ̀kùn ń gbọ̀n nínú férémù rẹ̀. Mo dìde, àga mi ṣubú lẹ́yìn mi. Ayọ̀ ni mo fi dìde. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ọkàn mi fò fún ayọ̀. Mo ní ó ti dé, dáàmù á dúró, Agbẹ́lẹ̀ á gbọ́ ọ níbi tó wà, á mọ̀ wàyí pé mo jàre.

Tírélà tó kó òkúta ni, ó ń fi ẹ̀yìn rìn wọ ọgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Awakọ̀ rẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì, gbogbo nǹkan dákẹ́.

Mo gbé àga mi dìde, mo jókòó. Ilé tó wà nísàlẹ̀ dáàmù yẹn ti di ẹgbẹ̀rún méjì báyìí, búlọ́ọ̀kù lásán ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹnikẹ́ni ò sì kó òkúta tì wọ́n lẹ́sẹ̀. Mo ti fẹ́ kí ilẹ̀ mì lábẹ́ gbogbo wọn, kí ọkùnrin kan ṣoṣo lè dárí jì mí.